Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ Ń Wá Ohùn Ìyàwó Rẹ̀

Iṣẹ́ lífítì ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Bí lífítì bá há sáàárín àjà kẹta àti ìkẹrin nínú ilé gíga kan, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n máa ń pè. Ẹ wá wo nǹkan: ẹni tó ń tún lífítì ṣe gan-an ni kì í rí lífítì gùn, nítorí ìgbà tó bá ti kú tán ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí i. Àtẹ̀gùn ló ń gùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àpò irinṣẹ́ léjìká, orúnkún méjèèjì ń dún. Ìgbà tó bá fi máa délé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí àga tó kọ́kọ́ rí, kò sì ní lè sọ̀rọ̀.

Àfi bó bá jẹ́ ọjọ́ tí àwọn onígìtá fẹ́ ṣeré. Háà! Lọ́jọ́ yẹn, àárẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ olórin o. Àwọn ọmọ mẹ́ta mẹ́rin tí rédíò kò mọ̀ ni mò ń sọ, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbé awo wọn jáde, tí wọ́n ń kọ orin fúnra wọn, tí wọ́n ń ta gìtá oníná bí ẹni tí inú ń bí, nínú gbọ̀ngàn kótópó lẹ́yìn ilé ọtí. Èrò tó ń wò wọ́n lè má kún bọ́ọ̀sì kan. Bí wọ́n bá ti ta á tán, tí wọ́n ká wáyà wọn, orin ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ohun tí ọkùnrin yìí kò lè fara mọ́ nìyẹn. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ lọ, á so màíkì méjì mọ́ orí ọ̀pá gíga, á sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà, á fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká, olórin ti di awakọ̀, onílù ti di olùkọ́, kò sì sí ibòmíràn láyé tí èèyàn ti lè gbọ́ orin wọn bí kò ṣe nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ọkùnrin yìí.

Gbólóhùn kan ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn: "Ẹ rọra o, ẹ̀rọ ń gbọ́!" Bí o bá wúkọ́ nítòsí rẹ̀, á wò ọ́ bí ẹni pé o jí owó rẹ̀ lápò. Bí o bá pàtẹ́wọ́ kí orin tó tán dáadáa, o ti di ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bá a gbohùn sílẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ẹ̀rọ-ń-gbọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ó ń fi í dáhùn lórí fóònù.

Òfin rẹ̀ le. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ nítòsí màíkì kì í dé orí pẹpẹ nínú yàrá yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ ló ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á gba orin mìíràn lé e lórí. Nígbà tó yá tó kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, òfin kò yí padà: èyí tó bá bàjẹ́, píparẹ́ ni.

Ìyàwó rẹ̀ wá ńkọ́? Obìnrin yẹn ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ. Látàárọ̀ ló ń wà lórí ìdúró, ooru áyọ́ọ̀nù lójú, èéfín omi gbígbóná nímú. Síbẹ̀, kò sí ibi tí Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ ń gbé màíkì lọ tí kì í bá a lọ. Kó tó wọlé, á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì kó má baà dún. Á jókòó ti ọkọ rẹ̀, kò ní pàtẹ́wọ́, kò ní wúkọ́, kò ní bi í ní ohunkóhun. Ọkọ rẹ̀ sì ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀! "Ẹ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí," á ní. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi jókòó tì mí? Ẹ ò lè mọ̀. Kò yàtọ̀ sí àga." Ẹ má bi mí léèrè irú ìyìn wo nìyẹn. Lójú tiẹ̀, ìyìn ni.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí nǹkan kan fi hù sí obìnrin náà lọ́nà ọ̀fun. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há. Wọ́n ní òtútù ni, wọ́n ní èéfín ibi iṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ ohun tó jẹ́, ohùn tó kù kò jọ tiẹ̀ mọ́ rárá, àfi kó máa dún fùú bí táyà tí ìṣó gún. Àwọn dókítà ní bí wọ́n bá fẹ́ kó yè, àwọn máa gé gbogbo ibi tí ohùn ti ń jáde. Wọ́n gé e. Ó yè. Ihò kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ló ń gbà mí, pátákó kékeré kan ló sì fi ń bá ilé sọ̀rọ̀: á kọ ọ́, á fi aṣọ nù ún, á tún kọ òmíràn.

Ní ilé ìwòsàn yẹn, obìnrin kan wà tó ń kọ́ irú wọn bí wọ́n á ṣe tún máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ àti àkọ́bí wọn obìnrin sin ìyàwó náà lọ, Tíṣà gbé ẹ̀rọ kan jáde, ó fẹ̀ díẹ̀ ju fóònù lọ. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ síta. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ wò. Ohùn kan jáde, ohùn obìnrin kan tó dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́." Àwọn mẹ́ta yẹn wo ara wọn. Ìyàwó náà gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

"Ẹ má wulẹ̀ bínú sí i, Mọ́mì," ni Tíṣà wí. "Kò pọn dandan kó jẹ́ ohùn yìí. Bí ẹ bá ní ibi tí wọ́n ti gba ohùn yín sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àìsàn yìí tó dé, kó mọ́ létí, kó tó bí ìṣẹ́jú mélòó kan, a lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ohùn tiyín gan-an sọ̀rọ̀. Kí ẹ sáà mú un wá kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ìròyìn yìí náà ni wọ́n á fi sí i."

Àkọ́bí bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ò mọ bàbá mi! Kásẹ́ẹ̀tì kún ilé wa dé òrùlé. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún ju oúnjẹ lọ!"

Inú Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ kọ́kọ́ dùn. Ó fẹ́ dáhùn pé kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó.

Ọjọ́ Sátidé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó fi íápíìsì sétí láti òwúrọ̀, àkọ́bí sì ń bá a kó kásẹ́ẹ̀tì wá láti orí pẹpẹ. Ibi tí orin bá parí sí ló ń sáré lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ẹni tó ń pe ọtí. Ó gbọ́ ìgò tó já lulẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń bẹ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn pátápátá. Etí tó lè gbọ́ ìdè kan tó tú nínú lífítì láti ìsàlẹ̀ ilé, etí yẹn kò gbọ́ obìnrin tó jókòó tì í. Gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́, á hó yèè, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, nǹkan kan kò ní dún.

Ló bá rántí ọjọ́ kan. Olórin kan ló bẹ́ sókè lórí ìtàgé, ṣòkòtò rẹ̀ sì ya láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà! Kò lè pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yéè, ẹ bá mi wo ọmọ ọlọ́mọ," ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ kí ó tó rántí ara rẹ̀, kó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ dìde, ó wá kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí ó fi rí i. Ó fi sínú ẹ̀rọ. Orin ẹgbẹ́ mìíràn ló ń dún níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mọ́ gaara, kò sí àbàwọ́n kankan. Ó ti gba orin yẹn lé e lórí.

"Fídíò ọjọ́ tí mo gboyè ńkọ́?" ni àkọ́bí wí. Wọ́n wò ó. Ìyàwó ló di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ náà. Ó ya gbogbo mọ̀lẹ́bí, ó ya igi, ó ya ọkọ̀, kò sì sọ nǹkan kan títí ó fi parí, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Fóònù ńkọ́? Obìnrin tí kì í ránṣẹ́ ohùn ni. Ọ̀rọ̀ ló máa ń tẹ̀.

Àkọ́bí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín kásẹ́ẹ̀tì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ní, "Dádì, gbogbo ayé ló wà nínú yàrá yìí. Mọ́mì nìkan ni kò sí."

Ojú ti ọkùnrin náà. Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ yìí láṣọ: ojú tì í, ó dùn ún, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju bí ọjọ́ mẹ́wàá tó fi gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tó jáde sí pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ sórí pátákó dè é. Ohun tó kọ ni pé: "Ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Ohùn ìròyìn náà á ṣe é."

"Kò ní ṣe é," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó ku ẹnì kan ṣoṣo láyé tó lè lọ bá, ẹni náà sì ni ẹni tí kò fẹ́ rí. Nínú àwọn tó ń gbohùn àwọn onígìtá sílẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Kòsọnù. Tiẹ̀ yàtọ̀. Kòsọnù kì í gbé màíkì sórí ọ̀pá. Ọrùn ló máa ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́, bí ìgò omi ọmọ ilé-ìwé, ẹnu géètì ló sì ti máa ń tàn án, kò ní pa á títí yóò fi délé. Ariwo àwọn tó tò sórí ìlà láti wọlé, àríyànjiyàn àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bàtà, ẹ̀rín, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà, ó ní nǹkan kan kò gbọdọ̀ sọnù. Nígbà kan, níwájú gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn, Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ ti sọ fún un pé pàǹtí ló ń kó sínú kásẹ́ẹ̀tì, pé bó bá wu òun láti gbọ́ ariwo ọjà, òun á lọ sọ́jà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Kòsọnù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń fi gíláàsì sí férémù àwòrán. Ó ń gé gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ yọ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún."

Kòsọnù gbé ọ̀bẹ gíláàsì sílẹ̀. "Ìgbà wo ni mo di 'ẹ' lẹ́nu rẹ? Ṣé kò sí nǹkan?"

Ọkùnrin náà ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀fun ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, oṣù tó ń parí lọ, àti yàrá tí kò ti rí nǹkan kan. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Mo mọ ohun tí mo sọ sí ọ níjọ́sí. Bó o bá lé mi jáde, mi ò ní jiyàn."

"Ta ló fẹ́ lé ọ jáde? Jókòó jàre." Kòsọnù ti ń nu ọwọ́. "Ìyàwó rẹ kẹ̀? Obìnrin tó máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín lórí ìlà?"

"Ìyàwó tèmi? Tèmi kì í sọ̀rọ̀."

Kòsọnù wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kì í sí níbẹ̀ ni. Ìwọ ti máa ń wọlé lọ gbé ọ̀pá rẹ síbi tó dáa kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìta ni wọ́n máa ń dá ìyàwó rẹ dúró sí pẹ̀lú wa. Họ́wù, obìnrin yẹn lẹ́nu!"

Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń wá. Ó ṣí i. Ariwo ọ̀nà ló kọ́kọ́ jáde, àti ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ohùn kan bọ́ síwájú gbogbo wọn, ó mọ́, ó yá, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ di etí tábìlì mú. Ó ti gbàgbé bó ṣe ń dún.

Nínú ẹ̀rọ náà, Kòsọnù ọjọ́ yẹn ló ń béèrè pé: "Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ tòní yìí?"

"Ẹgbẹ́ wo? Ṣé ẹ rò pé mo mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni? Ẹ má sọ fún un o! Gbogbo wọn ló ń dún létí mi bí ẹ̀rọ ìfọṣọ wa níbi iṣẹ́ nígbà tó bá fẹ́ kú." Ẹ̀rín sọ lórí ìlà.

"Kí ló wá ń gbé yín wá?"

"Ẹ tún ń béèrè? Lífítì ló ni ọ̀sán ẹ̀, gìtá ló ni ìrọ̀lẹ́ ẹ̀. Bí mo bá jókòó sílé, kí ni màá máa wò, ṣé ilẹ̀kùn? Bí mo bá bá a wá, ó kéré tán, mo rí ẹ̀yìn orí ẹ̀." Ẹ̀rín tún sọ. Ohùn náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. "Ó lórí tó dáa, ẹ ò rí i bí? Orí náà wù mí. Ẹni tó ni ín ni kì í wẹ̀yìn."

Kòsọnù nawọ́ láti pa á. Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ ní, "Fi sílẹ̀." Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìlà lórí ìlà, obìnrin tó ń sọ ti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin tó ń bú ọkọ rẹ̀ létí àlejò tó sì ń gbè é lẹ́yìn, obìnrin tó ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti gbọ́ nínú ilé rẹ̀, orí ìlà ni wọ́n wà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Kòsọnù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gé gíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gé.

Ọjọ́ kejì ló gbé ohùn náà lọ fún Tíṣà. Kò sọ ohun tó gbọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó kàn ní wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò wọ yàrá kásẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin náà wò ó títí. Ó gbé pátákó, ó kọ ọ́: "Ṣé ara yín kò yá ni?"

"Ara mi yá," ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó lọ bá a gbé oògùn ibà wá.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣe tán, àwọn mẹ́ta tún lọ. Lífítì ilé ìwòsàn ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí i, àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn gùn dé òkè, ìyàwó ń dúró mí ní àjà kọ̀ọ̀kan. Yàrá Tíṣà móoru. Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ ti gbé màíkì rẹ̀ tó dáa jù wá, ó tò ó sórí tábìlì, ó dán an wò, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ láìgbà á sílẹ̀. Tíṣà náà wọ aṣọ tó dáa. Àkọ́bí ti ń sunkún kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

"Ó yá, Mọ́mì," ni Tíṣà wí. "Ohunkóhun tó bá wù yín. Ẹ má kánjú."

Obìnrin náà ronú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa díẹ̀ rẹ́, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà jáde, ohùn orí ìlà, ohùn obìnrin tí kò tíì ṣàìsàn rí, ó yá, ó mọ́, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní: "Dádì, ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àkọ́bí nu ojú, ó ní, "Mọ́mì náà! Ṣé èyí lẹ kọ́kọ́ fẹ́ sọ?" Ìyàwó kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń wò ó lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá yìí.

Àwọn tó mọ Ẹ̀rọ-ń-gbọ́ mọ̀ pé kò sí ibi tó ti máa ń kúrò kíákíá. Á ká wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á nu màíkì, á tún tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ kó tó dìde. Lọ́jọ́ yẹn, ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fi màíkì sílẹ̀ níbi tó wà, ó gbé pọ́ọ̀sì ìyàwó rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì na apá fún un kó fi dìde.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i gbà sílẹ̀?" ni Tíṣà béèrè lẹ́yìn wọn.

"Mo gbọ́ ọ," ni ó wí, ó sì mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.